Òdòdó Oòrùn Ojú Fèrèsé Mi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ṣé ara yín le? Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Bàbá Ìkókó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, ikọ́ ẹ̀ ti lọ.

Kóró òdòdó oòrùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí mo bímọ ti di igi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé mi. Bó ṣe hù, èèpo ẹ̀ ló dé bíi fìlà. Nígbà tó fẹ́ tanná, orí ẹ̀ ń bá oòrùn yí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù wá bà mí. Ewéko ń wo ìmọ́lẹ̀, àmọ́ tí mo bá juwọ́ níwájú ọmọ mi, ojú ẹ̀ kì í tẹ̀ lé e. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òdòdó náà ti là báyìí, ó fẹ̀ bí abọ́, ìlà oòrùn nìkan ló kọjú sí, kò yí mọ́. Lánàá, atẹ́gùn ń mì ín, ni mo rí i tí ojú Ìkókó ń bá a lọ, tó ń bá a bọ̀! Mo lọgun. Télọ̀ ìsàlẹ̀ sáré gòkè: "Ìyá Ìkókó, ṣé iná ni?"

Mo ní, "Ọmọ mi ń ríran!"

Ó ní, "Háà, jẹ́ kí n lọ yarun ná kó tó rí mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ò ní ríbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá. Òdòdó ti yí tiẹ̀ tán, ọmọ yín ló kù tó ń yí ojú kiri, ẹ̀yin ni kó wá rí.