Ilé Onítáyà Wo Ni Kí N Mú?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọ̀fà ò tóbi.

Iṣẹ́ títì ni ọkọ mi ń ṣe. Ibi tí títì bá dé là ń kó lọ, ilé wíwá kiri sì ti sú wa. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wọn wá fẹ́ ta ilé onítáyà tí wọ́n ń gbé, kékeré kan àti ńlá kan. Ọkọ mi ní ká ra ọ̀kan, ká máa fi mọ́tò fà á kiri, ká fi ṣe ilé wa pátápátá. Ó ní kí n mú èyí tó wù mí.

Jíìpù lè fa kékeré, ṣùgbọ́n bí mo bá nà lórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kan sítóòfù. Ńlá ní yàrá méjì, àmọ́ lọ́rí nìkan ló lè fà á, lọ́rí ò sì lè wọ agbo ilé wa bá a bá wálé ọdún. Lánàá mo ní kékeré, láàárọ̀ yìí mo ní ńlá. Ọ̀rọ̀ náà ti dà mí lórí rú.

Mo bá ní kí ìyá ọkọ mi bá mi yàn án. Wọ́n wo oyún inú mi, wọ́n ní: "Ìyàwó, abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé yìí la sin ibi ọmọ tọkọ ẹ sí. Tó o bá bímọ sójú títì, níbo lẹ máa sin ti ọmọ yẹn sí?"

Mo bi ọkọ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ mọ́tò là ń sọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí. Kí ọkọ mi tó so mọ́tò mọ́ ilé, ẹ sọ fún mi: ibo ni kí ọmọ inú mi yìí máa pè ní ilé?

Èmi ni,
Ìyàwó Oníṣẹ́ Títì, Ọ̀fà.