Awọ Àbùùbùtán Tí Mo Yan

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá ọ, mo kí ọ kú alẹ́ bó bá jẹ́ alẹ́ ni, bó sì jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni o ti ń kà á, kú iṣẹ́, tètè fi pamọ́ kí ọ̀gá rẹ má bàa rí i. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú á máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn. Ara wa le, àyàfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ fún ọ pé kò dùn wọ́n, nítorí náà má dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé yàrá rẹ ń jò níbi tí ibùsùn wà, a ti gbé ibùsùn kúrò níbẹ̀, ó ku òrùlé. Àbúrò rẹ ti ń rán aṣọ dáadáa, ó rán ṣòkòtò kan fún bàbá rẹ tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ nítorí pé ọmọ ló rán an. Ọ̀rọ̀-ò-tán tó ń bá wa tún àwọ̀n ṣe kí ọ. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń san owó oṣù fún ọ torí àbùùbùtán, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló ń san án, ìjọba ni àbí àbùùbùtán fúnra rẹ̀. Mo ní àwọn méjèèjì ni.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò rèé. Nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, o sọ fún wa pé àwọn baba ńlá àbùùbùtán fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn lórí ilẹ̀ rí, pé oúnjẹ ló fà wọ́n wọ omi díẹ̀díẹ̀, ìran dé ìran, títí ọwọ́ wọn fi di lẹbẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì wọ inú ara lọ. O ní erinmi gan-an ni ìbátan wọn tó sún mọ́ wọn jù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, má bínú. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín, ohun tó ká wọn lára ni pé bí àwọn yẹn bá ti gbé orí ilẹ̀ ṣáájú wa, ṣé wọn ò ní padà wá gba ilẹ̀ wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí o bá wa wò ó nínú ìwé yín bóyá wọ́n tà á kí wọ́n tó lọ.

O tún sọ pé àwọn kéékèèké inú wọn, àwọn tí ẹ̀ ń pè ní dọ́fìnì, kò pọ̀ mọ́ ní etí òkun wa yìí, pé ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan, pé bí àìsàn kan bá wọlé ó lè kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀jẹ̀ kan ni. Iṣẹ́ rẹ ni láti fi awọ bíńtín mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àlejò láti ìdílé mìíràn ṣì ń wá fẹ́ nínú wọn. Èyí yé mi yékéyéké. Alárinà ni ọ́. Àwọn dọ́fìnì kò kàn ní àgbà nílé tó máa sọ fún wọn pé má fẹ́ eléyìí, ọmọ àbúrò bàbá rẹ ni. O ní awọ mọ́kànlá lẹ ti rí, ẹyọ kan ló kù, bí ìkejìlá kò bá sì dé kí oṣù yìí tó parí, ọ̀gá rẹ á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí o fi ìgò kékeré àti fọ́ọ̀mù rán awakọ̀ sí wa, pé bí òkun bá gbé ọ̀kan jáde, ká gé awọ rẹ̀ tó tó èékánná, ká fi sínú ìgò.

Òkun gbé e jáde lóòótọ́. Abo ni, ó kú sórí iyanrìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo mú ọ̀bẹ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń yan ẹja, ọwọ́ mi ti mọ́ gígé jinlẹ̀, mo gé lẹbẹ rẹ̀ kọjá awọ. Ọmọ mi, mo rí egungun ìka. Márùn-ún ni, wọ́n tò bí ìka ọwọ́ mi, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Mi ò rí ẹja tó ní ọwọ́ rí láyé mi. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa kò parọ́. Gbogbo ẹ̀rín tí mo fi ọ́ rín, mo gbà á padà.

Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà tọkàntọkàn. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo kọ pé a ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ipò tí a bá a, mo kọ pé ó ti kú, a sì bá ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó gé e, mo kọ orúkọ mi, mo fi kún un pé abilékọ ni mí, kí wọ́n má rò pé ẹni tí kò nílé ló ń gé òkú kiri.

Ìgò yẹn ni mo ti ṣìnà. Mo ṣí i, òórùn ọtí gbalé. Mo bi ara mi pé ta ló ń fi ẹran sínú ọtí kó má bàa bàjẹ́. Mo ní ará ìlú ńlá ni wọ́n, wọn ò mọ iná. Mo da ọtí náà nù lójú bàbá rẹ, ó sì dùn wọ́n. Mo fi iyọ̀ ra awọ náà, mo yan án fún ọjọ́ mẹ́ta lórí iná jẹ́jẹ́ títí tó fi ń dún kó-kó bí pákó. Ohun tí mo bá yan báyẹn, kòkòrò kì í wọ̀ ọ́ fún ọdún kan. Mo wá pè ọ́ lórí fóònù tó ń fojú hàn, mo sún fóònù mọ́ ọn dáadáa kí o lè gbóòórùn rẹ̀ pé kò bàjẹ́. O ní mo ṣeun. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ọmọ mi.

Àbúrò rẹ ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé iná ti jó ohun tí ẹ ń wá nínú awọ náà, pé kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á mọ́. Mo sáré lọ sétí òkun, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ti sin òkú náà, wọ́n ti da oògùn apakòkòrò lé e lórí. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo jókòó ti ibi ìyanja mi, mi ò lè dá iná. Iná tí mo fi rán ọ nílé ìwé, òun náà ni mo fi jó iṣẹ́ rẹ. Dárí jì mí.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ ni pé abo yẹn ní ọmọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ọmọ náà wà nínú omi tí kò ju orúnkún lọ, ó ń forí gbá iyanrìn, ó ń wá ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ wọ inú omi tẹ̀wùtẹ̀wù, wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n rìn títí omi fi mù wọ́n dé ọrùn, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé wọn padà. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn mìíràn yọrí lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń mí hùù, ó gbọ́ wọn, ó sì bá wọn lọ. Bàbá rẹ pẹ́ nínú omi kí wọ́n tó jáde. Èyí tó wà lójú wọn, wọ́n ní omi òkun ni.

Ẹ̀wù yẹn ni mo fẹ́ fọ̀ lánàá. Mo ti bu omi, mo ti fi ọṣẹ sí i, ni mo rí nǹkan dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi àyà ẹ̀wù, ó gbẹ mọ́ ọn bí èèpo àlùbọ́sà. Mo rántí pé o ní awọ wọn máa ń bó lójoojúmọ́, pé ẹ tilẹ̀ máa ń fi asẹ́ kó o lójú omi. Mi ò fọ̀ ọ́, mi ò sá a, mi ò yan án. Mo fi pépà mímọ́ wé ẹ̀wù náà bó ṣe wà, òun ló wà lọ́wọ́ awakọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo sì rò ó pé awọ ọmọ lè dára ju ti ìyá lọ fún yín, nítorí ẹni tó mú ọmọ ti mú ìyá, ó ti mú bàbá náà. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ àlejò láti ìdílé mìíràn, ṣebí ẹ̀yin á rí i.

Ẹ̀wù ìjáde bàbá rẹ nìyẹn o, síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi jókòó látàná. Fi owó ẹ̀wù ránṣẹ́, àti ti páànù bó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. Má fi í sínú fóònù, èyí tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò jáde. Awakọ̀ ni kí o fún.

Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ò ń wá, wàá rí i kí oṣù yìí tó tán. Ọwọ́ mi kò tún ní ba tìrẹ jẹ́ mọ́ láé.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Bàbá rẹ làágùn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ̀rọ yín bá rí ẹ̀jẹ̀ tiwọn lára ẹ̀wù náà, jọ̀wọ́, bá mi ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ pé ọmọ náà kì í ṣe tiwọn. Wọ́n kàn gbé e ni.