Ẹnu Tí Wọn Ò Yẹ̀ Wò: Ìgbésí Ayé Màmá Èékánná

Ọdún 1951 ni wọ́n bí màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì tí ìyá wọn ti ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà ni bàbá wọn. Àwọn ni ọmọ kejì.

Wọ́n wọ ilé ìwé ní 1958. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dúbúlẹ̀ ní 1963, wọ́n padà sílé, bàbá wọn sì ń fi bíríkì kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ní 1973 wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú awakọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun wá sí ilé búrẹ́dì náà, níbi tí àwọn náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ọkùnrin náà a máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ẹyọ àpò kan lẹ́yìn ọkọ̀.

Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi po ìyẹ̀fun. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ fi èékánná han màmá. Pásítọ̀ tó wá kí wọn pàápàá fi tirẹ̀ hàn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Láti 1989 ni wọ́n ti ń bẹ àwọn aláìsàn ìjọ wò, tàwọn ti aṣọ ìnujú fífọ̀ lọ́wọ́.

Ní 2023, àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Oògùn mú irun wọn re. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, irun ò ní bọ́ sínú ìyẹ̀fun mọ́. Dókítà sọ fún wa pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ létí wa pé jẹjẹrẹ ló pa màmá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ní wọ́ọ̀dù, nǹkan funfun bo ahọ́n wọn, omi ò ṣeé gbé mì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àṣẹ́kù wàrà ni. “Màmá, ẹ máa fọ ẹnu yín dáadáa.” Màmá Èékánná ni wọ́n ń sọ fún.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwúkàrà ni mo fi jẹun láti kékeré. Nǹkan yìí ń wú. Ẹ tanná sí i, kí ẹ wò ó.”

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́fà ni màmá fi bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ibà dé, àwọn nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé. Màmá dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Èsì dé ní ọjọ́ Ẹtì: kòkòrò kan tó bá ìwúkàrà tan ti gba ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara tí oògùn jẹjẹrẹ ti sọ di aláìlágbára ò sì lè bá a jà. Oògùn rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù náà. A fi ojú wa rí i.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má kọ èyí síbí. Àbúrò màmá ní kí a kọ ọ́.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò ọkùnrin kan.

Ẹ̀yin tí ẹ léèyàn ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ, ẹ má kúrò níbẹ̀ lónìí tí wọn ò bá tíì yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Màmá, ẹ sùn re, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní já yín nírọ́ mọ́.