Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Wa Súre?

Ọkọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí mò ń sá fún rèé: ìjọ Mọ́mọ́nì kékeré tí mò ń lọ níbi tí mo ti ń kàwé yìí máa tú ká lóṣù tó ń bọ̀. Mo kí Màmá àti àwọn àbúrò yín. Ikọ́ ọmọ ti lọ; tèmi ṣì ń jà.

Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ dání súre fún un níwájú ìjọ. Ìyẹn ni mo ṣe ń dúró. Bàbá aṣebàtà, ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù láàrin wa, ní, "Arábìnrin, kí ọkọ ẹ tó dé, àga nìkan ló máa kù tó máa ṣe àmín." Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi gba ojú mi.

Ṣé kí Bàbá gbé e dípò yín? Ọlọ́run á pa wá pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.