Ehoro Mi Ń Sá fún Mi

Ìdànrè, ọjọ́ Ẹtì, 1957

Láti ìgbà tí dókítà ẹran ní Àkúrẹ́ ti gé ẹsẹ̀ ehoro mi tí pàkúté fọ́, èmi nìkan ni mò ń fọ egbò rẹ̀. Dúpẹ́ àbúrò mi dé láti Èkó lónìí, ó na ewé ọ̀dùnkún sí i, ehoro sì tiro lọ bá a, ó jẹ ẹ́ tán. Kò fẹnu kan tèmi láti àárọ̀.

Ìyá wa ní, “Ìwọ lo máa ń fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. Má bínú sí Dúpẹ́.”

Mo bínú. Mo gbé omi iyọ̀ fún Dúpẹ́ pé kó bá mi fọ egbò náà. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ehoro ké, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Inú mi dùn. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún?