Ìwo Àgbọ̀nrín Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yín

Dádì mi tí fóònù mi ò lè bá mọ́,

Mo rí ìwo àgbọ̀nrín tí ẹ fi ìwé ìròyìn wé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a rí i nínú koríko ní pákì tí wọ́n ti ń sin àgbọ̀nrín ní London níbí? Ìwo ẹran igbó ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún kì í já bọ́, ẹ sì gbà pé ẹnì kan ló pa ẹran náà. Síbẹ̀, ọmọ ọdẹ ni yín, ẹ ò lè fi í sílẹ̀. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Rye Lane ládùúgbò wa, bí ẹni pé àwa la pa á. Bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Ní Sátidé, mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹran náà. Ó ní ọdọọdún ni ìwo wọn ń já bọ́, tí òmíràn ń hù. Lára bàbá àti ìyá ni wọ́n ti ń jogún bó ṣe lè tóbi tó, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń gbé e débẹ̀. Èyí tí ebi bá pa ní kékeré, ara rẹ̀ á kéré, ìwo rẹ̀ á kéré, ì báà jẹ́ akọ tó ga jù ló bí i. Bó bá padà rí koríko gidi jẹ, ìwo ọdún mìíràn á sàn díẹ̀, àmọ́ kì í sábà bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba mọ́.

Mùsílíù ni mo ń rò. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, síbẹ̀ àbúrò mi ọkùnrin ò ga ju èjìká mi lọ. Mọ́mì kú síbi ìbí rẹ̀, ẹ mú mi wá sí London, ẹ fi òun sílẹ̀ nílé lọ́wọ́ ìyá yín tó ti darúgbó. Ẹ ní ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa mú un wá. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn di mẹ́rìnlá. Ẹyin ni mò ń jẹ láràárọ̀ ní Peckham, ẹ sì ń bẹ̀ mí kí n jẹ ìkejì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá yín? Nígbà tó dé, kóòtù tí ẹ rà dè é gbé e mì. Ẹ ní ìyá yín ló jọ, pé èèyàn kúkurú, tín-ín-rín ni wọ́n. Mi ò dá wọn mọ̀, ọmọ kékeré ni mí nígbà tí a kúrò nílé, kò sì sí fọ́tò wọn lọ́dọ̀ wa, mo gbà. Mo tiẹ̀ máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ojú ń tì mí.

Kò wá síbi ìsìnkú yín. Kò wá sí àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo parọ́ fáwọn ará mọ́ṣáláṣí pé iṣẹ́ ò fún un láyè.

Lánàá, mo kọ mẹ́sééjì sí i. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní pákì, mo ní kì í ṣe pé ó jọ Ìyá Àgbà nìkan, ebi wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá sí sàréè yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó fèsì pé:

“Sister mi, mo wà ní shift. Ìyá Àgbà ga ju Dádì lọ. Wọ́n máa ń tẹ̀ ba ni kí wọ́n tó lè wọ yàrá. Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, please.”

Dádì, ìyá yín ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ga tó.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ ibi tó máa gbé ìfẹ́ náà sí.