Kíláàsì Àgbà Tí Mo Ń Wá Lórí Ìkànnì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ìwé, má bínú sí ọwọ́ mi tó dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Ìwé kíkọ náà ò yá mi lọ́wọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí àìsàn ìyá mi tó gbé mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọkọ mi — Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é níbí, torí bó ṣe ń rìn — wà lára àwọn tó ń to ìkànnì fásitì. Lánàá, níbi oúnjẹ, ó ní kíláàsì àgbà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ò parí ìwé. Ìforúkọsílẹ̀ á parí ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ pé mo fẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo fi fóònù wá a. Orúkọ ọ́fíìsì ló kún òkè — ẹ̀ka yìí, ìgbìmọ̀ tọ̀hún. Mo tẹ "Akẹ́kọ̀ọ́": àwọn tó ti wọlé ni. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo já sí àwòrán ọ̀gá àgbà tó ń gbin igi. Ó gbìn ín dáadáa ṣá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yòókù ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ to ọjà wọn. Ìyá mi ní, "Ta ló ń bèèrè ẹni tó ṣe é? Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ rán." Òwú, bọ́tìnnì, síìpù, inú páálí kan náà. Òórùn páálí yẹn! "Ọmọ mi, wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́." Àárò wọn sọ mí.

Mo tún wá kíláàsì náà. Kò sí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Jẹ́jẹ́ kó káàdì wálé, orúkọ ojú ewé kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n pín wọn bó ṣe yé mi, kí n fún òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí wọ́n lè fi tún ìkànnì náà tò. Ó ní akọ̀wé wọn pín tiẹ̀ sí méjì: Iṣẹ́ Mi, Iṣẹ́ Wọn. A rẹ́rìn-ín.

Mo rí "Ẹ̀ka Ìtẹ̀síwájú Ẹ̀kọ́ Aráàlú". Mo ní, "Kí lèyí?"

"Kíláàsì àgbà tí mo sọ nìyẹn."

Òun rèé! Mo gbé e sọ́tọ̀, òun nìkan.

"Òkìtì wo nìyẹn? Ó gbọ́dọ̀ lórúkọ o."

Mo ní, "Tèmi."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sá lọ wo omi lórí iná. Omi ò sí lórí iná.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Jẹ́jẹ́ fi okùn di àwọn káàdì náà; ó di tèmi lọ́tọ̀. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo yára wọ yàrá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òní ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Jẹ́jẹ́ ò tètè lọ ibi iṣẹ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní òun rò pé mo ń bínú ni, pé òun fi ìwé mi tí mi ò parí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kẹ̀! Mo ní, "Rárá o, ojú ló ń tì mí."

Ó ṣí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ó bi mí ní orúkọ ilé-ìwé tí mo ti kúrò. Ó pẹ́ tí mo ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú mi, mo sá wọ yàrá wá bá ẹ, Ìwé.

Ó ń pè mí. "Ìyàwó mi, wọ́n ní kí lo fẹ́ kọ́!"

Ìwé, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Àbí kí n kọ oorun sísùn sí i?"

Ọkọ mi, dúró, mo ń bọ̀! Mo fẹ́ kọ́ —